Àwọn Tí Ń Gbé Inú Ọ̀gọ̀dọ̀ Wa

Epìyà 63 ni mo ṣà lójú omi ní ìdájí ọjọ́ Sátidé kan kí n tó jáwọ́ nínú kíkà wọn. Ikùn wọn kọjú sókè, ẹnu wọn là sílẹ̀. Àwọn tí ẹ̀mí ṣì wà lára wọn fara ti etí omi, wọ́n ń yọ ẹnu síta, wọ́n ń gbé afẹ́fẹ́ mì. Àwọn àrọ̀ tó wà nínú omi kan náà kò kú, nítorí àrọ̀ lè mí afẹ́fẹ́ òkè nígbà tí ti inú omi bá tán. Epìyà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, mo jókòó sórí bèbè títí oòrùn fi là.

Ohun tó dùn mí jù ni pé kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo dúró síbẹ̀ yẹn gan-an, tí mo pe àbúrò mi lórí fóònù pé kó wá wo bí adágún mi ṣe dára tó. Omi náà tutù yọ̀yọ̀ bí ewé ẹ̀fọ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí ẹja sísìn ló kọ́ mi pé omi tó bá ní àwọ̀ ewé ni omi tó lóúnjẹ nínú. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n mi ò bi wọ́n léèrè ibi tí òótọ́ náà parí sí.

Omi méjì ló wà lórí ilẹ̀ tí mo ti ń sin ẹja, lẹ́yìn ìlú, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìwó. Èkíní ni adágún tí mo fi owó gbẹ́, tí mo ń da ìgbẹ́ adìyẹ sí, tí mo ń bọ́ ẹja inú rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Èkejì ni ọ̀gọ̀dọ̀ tí mo bá níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tó ti wà. Òṣíbàtà bo nǹkan bí ìdajì ojú rẹ̀, omi rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí omi àgbo àná, ewé jíjẹrà sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ ènìyàn á rì sínú ẹrọ̀fọ̀ dé agbede ojúgun. Mo ti bá àwọn lébìrà dúnàádúrà pé kí wọ́n bá mi tú gbogbo òṣíbàtà yẹn, kí omi náà lè mọ́. Owó ni kò jẹ́ kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀. Mo dúpẹ́ lónìí pé owó kò sí.

Lẹ́yìn tí ẹja kú, olùkọ́ bàọ́lọ́jì kan tó máa ń ra ẹja lọ́wọ́ mi bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí. Ó ní, “Àǹtí, àwọn wo ló ń gbé inú omi yín?” Mo ní epìyà àti àrọ̀. Ó ní, “Yàtọ̀ sí ẹja ńkọ́?”

Mi ò ní èsì kankan. Ọdún kẹrin mi nídìí iṣẹ́ yẹn nìyẹn.

Àwọ̀n tí a fi ń kó àwọn tí olùkọ́ náà ń béèrè kì í ṣe ohun ọ̀wọ́n. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn atẹ̀wé fi ń tẹ àwòrán sára ẹ̀wù ni mo lọ rà ní Mókọ́lá, ihò ara rẹ̀ kéré débi pé tí o bá nà án sójú oòrùn, o kò ní rí ihò kan. Mo rán an bíi fìlà tó gùn, mo fi wáyà ṣe ẹnu rẹ̀, mo so ìgò oògùn kékeré mọ́ ìdí rẹ̀. A da garawa omi mẹ́wàá gba inú rẹ̀, ó ku ìwọ̀nba omi díẹ̀ nínú ìgò. Nígbà tí a gbé ìgò yẹn sókè, mo rí i pé omi náà ń rìn. Nǹkan bí eruku ló ń sáré sókè sódò nínú rẹ̀.

Máíkíróskóòpù tí olùkọ́ náà gbé wá kò lo iná, dígí abẹ́ rẹ̀ ni a ń yí sí oòrùn kó lè mọ́lẹ̀. Ẹ̀kán omi adágún mi la kọ́kọ́ wò. Ó kún fọ́fọ́ bí ọjà Ọjẹ́ lọ́jọ́ ìná, ṣùgbọ́n bí mo ti ń wò ó lọ, mo rí i pé irú ẹnì kan ṣoṣo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Ara rẹ̀ dà bí ìkòkò kékeré tí a lè rí inú rẹ̀ gbangba, ẹ̀gún wà lẹ́nu ìkòkò náà, ìrù kan ń jù lẹ́yìn rẹ̀, ohun méjì bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ sì ń yí lórí rẹ̀ láìdúró. Rotifer ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ orúkọ náà ni arùkẹ̀kẹ́. Kò sí kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ lóòótọ́. Irun wínníwínní ló ń jù lọ́kọ̀ọ̀kan tẹ̀lé ara wọn, ojú ló ń tàn wá jẹ. Èyí tó kún omi mi yẹn, Brachionus ni orúkọ rẹ̀. Bí omi bá ti di ọlọ́ràá àlọ́rajù, níbi tí àwọn mìíràn ti ń sá, ibẹ̀ ni òun ti máa ń rọ́mọ bí.

Lẹ́yìn náà la wá wo ẹ̀kán omi ọ̀gọ̀dọ̀.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó yé ẹni tí kò rí i. Ẹ̀dá wínníwínní kan tí wọ́n ń pè ní Moina ló kọ́kọ́ kọjá. Ara rẹ̀ mọ́ gaara bí ọ̀rá, mo rí ọkàn rẹ̀ tó ń lù kíkankíkan lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, mo rí oúnjẹ aláwọ̀ ewé tó gba ìfun rẹ̀ kọjá, mo sì rí ọmọ mẹ́rin nínú àpò ẹ̀yìn rẹ̀, ojú dúdú ti wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìyá náà kò nílò ọkọ láti bí wọn. Nígbà tí nǹkan bá rọrùn, obìnrin ló ń bí obìnrin léraléra. Ìgbà tí omi bá fẹ́ gbẹ tàbí tí oúnjẹ bá wọ́n ni wọ́n tó ń bí akọ, tí wọ́n á sì yé irú ẹyin kan tí èèpo rẹ̀ le, tó lè sùn nínú ẹrọ̀fọ̀ gbígbẹ di ọdún mìíràn. Lẹ́yìn Moina, ohun kan bí ẹ̀wà tó la ẹnu díẹ̀, tó ń na ẹsẹ̀ síta tó tún ń fà á wọlé. Ohun kan tó rí roboto, tó rọ̀ mọ́ èérún ewé òṣíbàtà, tó ń ha á jẹ. Rotifer oríṣiríṣi, èyí tó ní ìrù méjì, èyí tó tẹ̀ kọ́rọ́ bí ìwo, èyí tó ń fà bí ekòló. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan fò kọjá lójijì, ó dúró, ó tún fò. Ara rẹ̀ rí bí omijé, ojú pupa kan ṣoṣo wà níwájú orí rẹ̀, ó sì gbé àpò ẹyin méjì sí ìhà ọ̀tún àti òsì bí ẹni tó ń ti ọjà bọ̀. Cyclops nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, mà á padà sórí rẹ̀.

Mo ra ìwé ìkọ̀wé, mo ń ya ọ̀kọ̀ọ̀kan bí mo ti rí i, mo ń fa ìlà kan fún ẹ̀dá kan. Irú 17 ni mo rí nínú ọ̀gọ̀dọ̀ tí mo fẹ́ sanwó kí wọ́n bá mi tú ká. Irú mẹ́rin ni mo rí nínú adágún tí mo fi ń yangàn.

Zooplankton ni àwọn onímọ̀ ń pe gbogbo wọn lápapọ̀. Victor Hensen, ará Jámánì, ló mú ọ̀rọ̀ plankton wọlé ní 1887 láti inú èdè Gíríìkì, ìtumọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí alárìnká, ẹni tí omi ń gbé kiri. Àwọn ni wọ́n wà láàárín ohun ọ̀gbìn wínníwínní tó ń sọ omi di àwọ̀ ewé àti ẹja. Wọ́n ń jẹ ti ìsàlẹ̀, ti òkè ń jẹ wọ́n. Ohunkóhun tó bá ṣe omi, ara wọn ló kọ́kọ́ ń dé, nítorí ọjọ́ mélòó kan péré ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń di ìyá.

Ohun tí mo wá fẹ́ kí olùsìn ẹja ẹgbẹ́ mi gbọ́ nìyí: ká má ka iye wọn nìkan, ká ka irú wọn. Ká sọ pé ẹ ka ẹ̀dá 100 nínú omi kan, irú mẹ́wàá ni wọ́n, mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹ tún ka 100 nínú omi kejì, irú mẹ́wàá náà ni, ṣùgbọ́n 91 jẹ́ irú kan, mẹ́sàn-án tó kù jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Irú mẹ́wàá ni méjèèjì, síbẹ̀ omi wọn kì í ṣe ẹgbẹ́. Ìṣirò kan wà tó ń fi ìyàtọ̀ yẹn hàn. Claude Shannon, ará Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní 1948, ọ̀rọ̀ tẹlifóònù àti tẹ́lígíráàmù ló sì ń rò nígbà náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi. Omi kìíní á gba 2.30, èkejì á gba 0.50. Nígbà tí mo ṣírò adágún mi, ọ̀dọ̀ omi kejì yẹn ló sún mọ́.

Báwo ló ṣe débẹ̀? Èmi ni mo gbé e débẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ tí mo ń dà sí i pọ̀, oúnjẹ tí ẹja ń jẹ kù náà ń jẹrà sí i. Àwọn ohun ọ̀gbìn wínníwínní rí ajílẹ̀ jẹ, wọ́n gbilẹ̀. Bí ajílẹ̀ bá ti wá pọ̀ jù, irú kan tó dà bí aró tó po mọ́ ewé máa ń gba ipò lọ́wọ́ àwọn yòókù, ó ń ki mọ́ra wọn bí ìṣù, àwọn mìíràn nínú rẹ̀ tún ní májèlé. Moina àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n máa ń jẹ ewé omi tó rọ̀, kò lè gbé ìṣù yẹn mì. Ebi pa wọ́n, wọ́n dínkù, kò wá sí ẹni tó ń dín ewé náà kù mọ́. Lọ́sàn-án, ewé yẹn ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ, ó ń tú ọ́síjìn sínú omi. Lálẹ́, òun náà ń mí, ọ́síjìn kan náà ló sì ń lò. Nígbà tí ojú ọjọ́ wá dúdú fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́, ọ́síjìn tuntun kò tó, èyí tó wà tán ní ìdájí. Ẹja mi kú láàárọ̀ Sátidé, ṣùgbọ́n inú ìgò kékeré yẹn ni ọ̀ràn náà ti wà ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣáájú, ká ní mo wò ó.

Mo ti gbìyànjú ohun mìíràn náà. Ní 1865, àlùfáà kan ará Ítálì, Angelo Secchi, sọ àwo funfun sínú Òkun Mẹditaréníà, ó ń wo ibi tó ti máa pòórá mọ́ ojú. Títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣì ń ṣe nínú adágún gbogbo. Àwo tánganran ni èmi so okùn mọ́. Ó wúlò, ṣùgbọ́n bí omi mi ṣe ki tó nìkan ló sọ fún mi, kò sọ ẹni tó mú un ki. Àwọn ìwọ̀n kẹ́míkà náà, bí omi ṣe rí ní wákàtí tí a bù ú ni wọ́n máa ń sọ. Àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí ti gbé inú rẹ̀ tọ̀sán tòru, ẹni tó bá ṣì wà láàyè nínú wọn ti jẹ́rìí sí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ẹ̀rí wọn kò rọrùn láti kà, mi ò ní í parọ́. Lọ́sàn-án, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń lọ sísàlẹ̀, wọ́n á gòkè bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ẹni tó bù omi ní aago méjì ọ̀sán lónìí, tó tún bù ú ní aago méje alẹ́ lọ́la, ó lè rò pé omi méjì ni. Ìgbà òjò kò jọ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹja pàápàá ń ba ẹ̀rí jẹ́. Ní 1965, John Brooks àti Stanley Dodson kọ nípa adágún kan ní Connecticut, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ní àkọsílẹ̀ rẹ̀ láti 1942, kí irú ẹja kan tó ń jẹ ẹ̀dá omi wẹ́wẹ́ tó débẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà kà á ní 1964, àwọn ẹ̀dá tó tóbi ti tán, àwọn kéékèèké ló kù. Omi náà kò bàjẹ́, ẹja ló yan àwọn tó lọ́ràá jẹ. Nítorí náà, bí a kò bá rí ẹ̀dá ńlá nínú omi tí epìyà kún, ká kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ epìyà ná. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bu omi ní aago kan náà, ní ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀, tí mo sì ń fi omi mi wé ara rẹ̀ ju bí mo ti ń fi wé ti ẹlòmíràn lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í rúni lójú. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fín oògùn kòkòrò sí oko àgbàdo tó wà lókè wa, òjò ńlá rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní ọjọ́ kẹta, mi ò rí Moina kan ṣoṣo nínú ọ̀gọ̀dọ̀. Rotifer wà, ẹja inú rẹ̀ ń wẹ̀, lékeléke dúró síbẹ̀, ẹni tó bá ń kọjá kò lè mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Àwọn ẹbí Moina ni oògùn kòkòrò máa ń kọ́kọ́ mú. Àwọn yàrá àyẹ̀wò káàkiri ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Daphnia, ọ̀kan nínú ẹbí Moina, tí kò tíì pé wákàtí 24 láyé ni wọ́n ń kó sínú omi tí wọ́n fura sí, tí wọ́n á ka iye tí kò lè wẹ̀ mọ́ lẹ́yìn wákàtí 48. Ìgbàkígbà tí mo bá kọjá létí omi Eléyélé, èyí tí wọ́n sé odò Ọ̀nà fún ní 1942 kí Ìbàdàn lè rómi mu, ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni pé, àwọn wo ló ṣì kù nínú rẹ̀? Ó wù mí kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tó wà nítòsí omi ní àwọ̀n kan àti ìwé kan.

Mo dá ìgbẹ́ adìyẹ dúró. Mo dín oúnjẹ ẹja kù. Mo bu kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́wàá láti inú ọ̀gọ̀dọ̀, mo fi àwọ̀n tó là díẹ̀ sẹ́ ẹ kí kòkòrò ńlá má bàa bá a lọ, mo dà á sínú adágún. Mo fi àwọ̀n gé igun kan sọ́tọ̀ níbi tí ẹja kò lè dé, mo gbin òṣíbàtà síbẹ̀ kí àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí lè ríbi sá sí. Nínú ọyẹ́, mo bu ẹrọ̀fọ̀ gbígbẹ létí ọ̀gọ̀dọ̀ sínú abọ́, mo bu omi òjò tí mo tọ́jú lé e lórí. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í fò nínú abọ́ yẹn. Irú mẹ́rin di mẹ́sàn-án láàárín oṣù mẹ́ta. Adágún mi kò tutù yọ̀yọ̀ bíi tẹ́lẹ̀ mọ́, ó ti ń pọ́n díẹ̀.

Oṣù Kẹsàn-án ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá kí mi. Ìyá Ìdèrè la ń pè wọ́n, nítorí Ìdèrè ní Ìbàràpá ni wọ́n gbé lọ́kọ. Wọ́n bá mi níbi tí mo ti tẹ̀ mọ́ etí ọ̀gọ̀dọ̀.

“Àyìnkẹ́, kí lo ń fi àwọ̀n wá nínú omi ìdọ̀tí?”

“Ìyá mi, àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ni mò ń kà.”

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. “Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wá sọ fún wa nígbà yẹn. Wọ́n ní kòkòrò inú omi ló ń gbé sòbìà wọ ara. A ò gbà wọ́n gbọ́. Ohun tí àwa mọ̀ ni pé inú ara ènìyàn ni sòbìà ń gbé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.”

Cyclops ni kòkòrò yẹn. Ẹni tí sòbìà ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ á ki ẹsẹ̀ bọ omi nítorí pé ó ń ta á bí iná, aràn náà á tú ọmọ sínú omi, Cyclops á gbé wọn mì. Ẹni tó bá mu omi náà á gbé Cyclops mì. Ní nǹkan bí ọdún kan, aràn tó lè gùn tó mítà kan á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ka àwọn tó ní in káàkiri Nàìjíríà ní òpin àwọn ọdún 1980, wọ́n lé ní 650,000. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, kànga ẹ̀rọ, oògùn tí wọ́n ń wọ́n sínú omi, àti àwọn ènìyàn abúlé tí wọ́n ń sọ fún ara wọn pé ẹlẹ́sẹ̀ sòbìà kò gbọdọ̀ wọ omi, àwọn ló ṣẹ́gun rẹ̀. Ẹni ìkẹyìn tó ní in ní Nàìjíríà, 2008 ni. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé ó ti kúrò lórílẹ̀-èdè yìí. Cyclops ò kúrò. Ó ṣì wà nínú gbogbo ọ̀gọ̀dọ̀ wa, kò sì gbé nǹkan kan mọ́, nítorí ọ̀dọ̀ wa ló ti ń gba aràn náà tẹ́lẹ̀.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún Ìyá Ìdèrè. Wọ́n ní, “Kí sòbìà tó dégbò la ti ń ké sí olúgànbe. Ìyá ọkọ mi kì í yé sọ ọ́. Àwa ò tètè ké sí i.” Mo sọ fún wọn pé ìdí tí mo fi ń kà nìyẹn.

Mo gbé máíkíróskóòpù sí orí tábìlì lábẹ́ igi máńgòrò, mo wá Cyclops kan títí ó fi dúró sí àárín. Wọ́n pa ojú kan dé, wọ́n fi èkejì sí i. Ó pẹ́.

“Èyí tó ń fò yìí?”

“Òun ni, mà.”

“Ó ru ẹrù méjì.”

“Ẹyin rẹ̀ ni.”

Wọ́n tún wò ó. Wọ́n gbé orí sókè, wọ́n fa ìró wọn sókè díẹ̀, wọ́n sì fi ìka wọn pa àpá roboto tó wà lókè kókósẹ̀ òsì wọn, bí ẹni tó ń nu eruku kúrò lára nǹkan. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi wà nílẹ̀ nítorí àpá yẹn, ọdún tí wọ́n bí ọmọ wọn kejì.

“Kò tó hóró iyanrìn,” ni wọ́n wí.

Nígbà tí mo yọ dígí kékeré náà kúrò, tí mo fẹ́ fi aṣọ nù ún, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní kí n lọ dá a padà sínú omi. Wọ́n tẹ̀lé mi dé etí ọ̀gọ̀dọ̀, wọ́n dúró tì mí títí mo fi ki ọwọ́ sáàárín òṣíbàtà tí mo sì ṣan dígí náà.